Àgbà Tí Kò Du Àga: Iṣẹ́ Joseph Edet Akínwálé Wey Nínú Ológun Ojú Omi

Bí a bá ń ka orúkọ àwọn ológun tó ṣe ìjọba Nàìjíríà láàárín ọdún 1966 sí 1975, àwọn tó máa ń kọ́kọ́ wá sẹ́nu wa ni Ironsi, Gowon, Ojukwu, Fájuyì, àti Adékúnlé tí wọ́n ń pè ní Black Scorpion. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ Wey. Bẹ́ẹ̀, ọkùnrin yìí wà nínú yàrá tí wọ́n ti ń ṣe ìpinnu láti oṣù Kìíní 1966 tí ológun kọ́kọ́ gbàjọba, títí di oṣù Keje 1975 tí wọ́n yọ Gowon. Láàárín ọdún mẹ́sàn-án yẹn, wọ́n pa Ironsi, wọ́n pa Fájuyì, Ògúndípẹ̀ di ará London, Ojukwu sá lọ sí Ivory Coast. Wey kò kúrò níbi tó wà.

Nínú àròkọ yìí, a fẹ́ tọ ipasẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí a sì wá ìdáhùn sí ìbéèrè kan tó yẹ kó jẹ ọmọ Yorùbá lógún. Kí ló dé tí àgbà tí ipò tọ́ sí fi dúró sẹ́yìn ọmọdé tó gorí àga? Ṣé ojo ni, àbí ọgbọ́n?

Orúkọ tó ní ilé méjì

Ọjọ́ 7, oṣù Kẹta, ọdún 1918 ni wọ́n bí Joseph Edet Akínwálé Wey ní ìlú Calabar. Orúkọ rẹ̀ nìkan tó ìtàn. Edet jẹ́ orúkọ àwọn Efik àti Ibibio. Akínwálé kò nílò ògbufọ̀ láàárín wa. Ẹ̀jẹ̀ ilẹ̀ méjèèjì ló wà lára rẹ̀. Ìlú tí wọ́n ti bí i àti ìlú tó ti ṣiṣẹ́ di ńlá, Calabar àti Èkó, ìlú èbúté ni àwọn méjèèjì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ méjèèjì yìí sọ́kàn, nítorí a óò padà sí wọn nígbà tí a bá dé ibi ọ̀rọ̀ ogun.

Ní nǹkan bí ọdún 1940, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń jà lọ́wọ́, Wey wọ iṣẹ́ ní Marine, ẹ̀ka ìjọba amúnisìn tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ omi. Marine kì í ṣe iléeṣẹ́ ológun. Àwọn ni wọ́n ń kó iyanrìn kúrò lẹ́nu òkun Èkó kí ọkọ̀ ńlá lè ráyè wọlé. Àwọn ni wọ́n ń gbé àmì sójú omi kí awakọ̀ lè mọ ibi tó jìn àti ibi tí kò jìn. Àwọn ni wọ́n ń fi ọkọ̀ kó lẹ́tà àti òṣìṣẹ́ ìjọba gba orí odò, àwọn náà ni wọ́n sì ń tún ọkọ̀ tó bá bàjẹ́ ṣe.

Ìdí ẹ́ńjìnnì ni Wey ti kọ́ṣẹ́. Iṣẹ́ ìdí ẹ́ńjìnnì kì í ṣe iṣẹ́ àṣehàn. Ọ̀gá tó dúró sókè ọkọ̀ nínú aṣọ funfun ni èrò etí omi ń rí. Ẹni tó wà nísàlẹ̀, nínú ooru àti òórùn epo, kò sẹ́ni tó ń pàtẹ́wọ́ fún un, ṣùgbọ́n òun ni kì í jẹ́ kí ọkọ̀ kú sójú agbami. Ó kọ́ iṣẹ́ yìí kárí oríṣiríṣi ọkọ̀ tí Marine ní, lẹ́yìn náà wọ́n rán an lọ sí Ìlú Ọba fún ẹ̀kọ́ sí i. Ó dà bíi pé ìwà tó kọ́ nísàlẹ̀ ọkọ̀ yìí ló bá a dé ibi gíga: kí iṣẹ́ máa lọ ṣáájú kí ojú tó rí ẹni tó ń ṣe é.

Láti Ogun Àgídìngbì dé Àpápá

Kí a tó lè mọ bí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Wey ní 1964 ṣe tóbi tó, ó yẹ kí a rántí ohun tí ọkọ̀ ogun jẹ́ lójú àwọn ará Èkó. Ní oṣù Kejìlá 1851, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yin àgbá lu Èkó, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́, wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí oyè. Ogun Àgídìngbì ni àwọn ará Èkó sọ ogun yẹn, nítorí ìró àgbá tó mi ilẹ̀. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹjọ 1861, ọkọ̀ ogun mìíràn tó ń jẹ́ Prometheus wà lójú ọ̀sà nígbà tí Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó fi Èkó lé àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ ogun di ohun tí àlejò fi ń gba ìlú onílùú. Ọmọ ilẹ̀ yìí lè wa ọkọ̀, ó lè tún un ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni yóò pàṣẹ pé kí àgbá dún.

Ní 1955, Nigerian Ports Authority gba iṣẹ́ èbúté kúrò lọ́wọ́ Marine. Ní 1956, ìjọba fi díẹ̀ nínú òṣìṣẹ́ àti ọkọ̀ tó kù dá ẹgbẹ́ ológun ojú omi sílẹ̀. Òyìnbó kan, F. W. Skutil, ni olórí rẹ̀ àkọ́kọ́. A. R. Kennedy, òyìnbó bíi tirẹ̀, ló tẹ̀lé e. Ní 1959, orúkọ ẹgbẹ́ náà di Royal Nigerian Navy. Nígbà tí Nàìjíríà di orílẹ̀-èdè tí kò sí lábẹ́ ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì mọ́ ní 1963, wọ́n gé Royal kúrò, ó ku Nigerian Navy.

Wey wà nínú àwọn tó ti Marine bọ́ sínú Navy ní 1956, gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá kékeré lẹ́ka ẹnjiníà. Ẹni ọdún méjìdínlógójì ni nígbà náà, ọjọ́ orí tí ọ̀pọ̀ ológun ti ń wo ẹ̀yìn iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìjọba ń wá ọmọ ilẹ̀ tó mọ iṣẹ́ tí yóò gba ipò lọ́wọ́ òyìnbó, ìrírí rẹ̀ sì jìn. Ó di ọ̀gá ibùdó Navy ní Àpápá. Ní 1964, Kennedy kó ẹrù rẹ̀ lọ, Wey sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ olórí ológun ojú omi. Ẹ ṣírò ọdún tó wà láàárín: láti 1851 sí 1964 jẹ́ ọdún mẹ́tàléláàádọ́fà. Lójú ọ̀sà kan náà tí àgbá Àgídìngbì ti dún, ọmọ ilẹ̀ ló wá ń pàṣẹ fún ọkọ̀ ogun.

Oṣù Keje 1966

Ọdún méjì péré ni Wey fi jẹ́ olórí Navy ní ìrọ̀rùn. Ní oṣù Kìíní 1966, àwọn ọ̀gá kékeré nínú ológun dìtẹ̀, wọ́n pa olórí ìjọba àti àwọn mìíràn, ìjọba sì bọ́ sọ́wọ́ Ironsi. Wey di ọmọ ìgbìmọ̀ gíga tí àwọn ológun fi ń ṣe ìjọba. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 29, oṣù Keje, àwọn sọ́jà láti Àríwá dìtẹ̀ tiwọn. Wọ́n mú Ironsi ní Ìbàdàn, níbi tó ti jẹ́ àlejò Adékúnlé Fájuyì, wọ́n sì pa onílé pẹ̀lú àlejò.

Ta ló kàn? Bí ó bá jẹ́ ipò ni a ó tẹ̀lé, Brigadier Babáfẹ́mi Ògúndípẹ̀ ló kàn. Ó gbìyànjú láti pàṣẹ, ṣùgbọ́n àwọn sọ́jà kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Nígbà tó rí i bẹ́ẹ̀, ó yẹra, lẹ́yìn náà ó sì di aṣojú Nàìjíríà ní London. Lẹ́yìn Ògúndípẹ̀, Wey ni. Commodore ni Wey, ipò yẹn sì dọ́gba pẹ̀lú Brigadier. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta ni. Yakubu Gowon tí àwọn sọ́jà ń fẹ́ jẹ́ Lieutenant-Colonel, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó kéré sí Wey ní ọdún mẹ́rìndínlógún.

Àwọn àgbà wa ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Èèkù idà lọ́jọ́ yẹn wà ní bárékè Ìkẹjà àti ní pápákọ̀ òfurufú, lọ́wọ́ àwọn tó dìtẹ̀. Ọkọ̀ ogun kò lè gun ilẹ̀ lọ sí Ìkẹjà. Àwọn ọmọ ogun ojú omi kò pọ̀, ọ̀tẹ̀ náà kò sì ṣẹlẹ̀ láàárín wọn. Bí Wey bá ní òun ló kàn, kí ni ì bá fi mú wọn? Ó gbà pé kí Gowon jókòó. Ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹjọ, Gowon bá ará ìlú sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí olórí.

Ohun tó sọ ní Aburi

Ojukwu tó jẹ́ gómìnà Ìlà-Oòrùn kò gbà. Lára ohun tó ń tẹnu mọ́ ni pé àwọn tó ju Gowon lọ nínú ipò ṣì wà láàyè, àti pé a kì í fo àgbà kọjá. Ẹ̀yin tó mọ bí oyè ṣe ń lọ ní Ìbàdàn kò ní í rí àríyànjiyàn yìí bí ohun àjèjì. Níbẹ̀, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn ni a fi ń gun àkàsọ̀ oyè títí a ó fi dé òkè. Bí wọ́n bá fo ẹnì kan, ìlú á gbóná.

Ní ọjọ́ 4 àti ọjọ́ 5, oṣù Kìíní 1967, gbogbo wọn pàdé ní Aburi ní ilẹ̀ Gánà: Gowon, Ojukwu, Robert Adébáyọ̀ ti Ìwọ̀-Oòrùn, Ejoor ti Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn, Hassan Katsina ti Àríwá, Mobọ́lájí Johnson ti Èkó, Wey, àti àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá. Wọ́n gba ohùn wọn sórí téèpù. Níbẹ̀ ni Wey ti sọ ọ̀rọ̀ tí a rò pé ó ṣe pàtàkì jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀.

Kókó ohun tó sọ ni pé òun wà ní Èkó nígbà tí nǹkan bàjẹ́, ojú òun ni gbogbo rẹ̀ ṣe. Ó ní kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè jẹ́ olórí àwọn ọmọ ogun tí kò gbọ́ tirẹ̀. Ó sọ bí ọ̀ràn ṣe dé ibi tí sájẹ́ǹtì lásán fi lè wo ojú Brigadier, kó sì sọ fún un pé òun kò gba àṣẹ rẹ̀ àfi tí kápútéènì òun bá dé. Ó ní bí kì í bá ṣe pé Gowon gbà láti jókòó sórí àga náà, gbogbo wọn ì bá ti tán. Ó sì fi ọ̀wọ̀ wọ Gowon fún ìgboyà tó ní.

Ẹ wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ náà. Ojukwu ń bá Gowon jà lórí ipò àgbà, bẹ́ẹ̀ nínú yàrá yẹn Wey ni ẹni tí ọ̀rọ̀ ipò àgbà ì bá gbè jù lọ. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kó bínú. Dípò bẹ́ẹ̀, òun ló dìde láti sọ pé ipò tí kò ní ẹni tí yóò gbọ́ àṣẹ lẹ́yìn rẹ̀, orúkọ lásán ni. Kò sọ pé ọ̀tẹ̀ dára. Ohun tó sọ ni pé ilé ti ń jó, ẹni tó bá rí omi ni kó pa iná, ká tó máa bèèrè ta ni àgbà.

Ṣé ojo ni èyí? Àwa kò rò bẹ́ẹ̀. Ojo ì bá dákẹ́ ni. Kò rọrùn fún ọ̀gá ológun láti sọ níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, lórí téèpù, pé agbára òun kò tó. Ṣùgbọ́n a kò ní í fi ọ̀rọ̀ Ojukwu náà ṣeré. Ó rí i pé bí ìbọn bá ti di ohun tí a fi ń yan olórí lẹ́ẹ̀kan, yóò di àṣà. Ìtàn orílẹ̀-èdè yìí láti 1975 sí 1993 kò já a nírọ́.

Edet, Akínwálé, àti ogun

Àdéhùn Aburi kò dúró. Ní ọjọ́ 30, oṣù Karùn-ún 1967, Ojukwu kéde Biafra. Ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí Navy sé ojú òkun Ìlà-Oòrùn, kí ọkọ̀ ẹrù má wọlé, kí ó má jáde. Nígbà tí ọ̀rọ̀ owó epo rọ̀bì dá wàhálà sílẹ̀, wọ́n sé ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ epo náà.

Kékeré ni Navy tí Wey ń darí. Ọkọ̀ tó lágbára jù níbẹ̀ ni NNS Nigeria, tí wọ́n kàn ní ilẹ̀ Nẹ́dálándì. Ọkọ̀ kan, NNS Ibadan, bọ́ sọ́wọ́ Biafra, àwọn Navy fúnra wọn ló sì padà rì í. Síbẹ̀, ní ìparí oṣù Keje 1967, wọ́n gbé àwọn sọ́jà Benjamin Adékúnlé lọ sí Bonny, wọ́n sì gba ìlú náà, níbi tí epo rọ̀bì ń gbà jáde. Iṣẹ́ yìí ṣòro. Ẹni tó ń gbé sọ́jà láti ojú omi lọ sí etí ilẹ̀ ọ̀tá gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí omi kún àti ìgbà tó fà, ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ọkọ̀ kò ní í fìdí kanlẹ̀. Ìmọ̀ tí Marine fi ń gbé lẹ́tà ti di ìmọ̀ ogun.

Ní ọjọ́ 18, oṣù Kẹwàá 1967, wọ́n gúnlẹ̀ sí Calabar. Níbí ni a ti ní kí ẹ rántí orúkọ méjì náà. Ìlú tí wọ́n ti bí Edet ni ọkọ̀ tí Akínwálé jẹ́ olórí fún gbé ogun lọ. Àwọn tó sọ ogun yìí di ti ẹ̀yà kan sí èkejì nìkan kì í rántí irú èèyàn bẹ́ẹ̀, tí ogun gba àárín orúkọ rẹ̀ kọjá.

A kò sì gbọdọ̀ ka Bonny àti Calabar kí a má ka ebi. Nígbà tí Port Harcourt bọ́ ní oṣù Karùn-ún 1968, Biafra kò ní èbúté mọ́. Iyọ̀ di góòlù. Ẹja gbígbẹ tó ń ti òkè òkun wá, ẹran àti wàrà, gbogbo rẹ̀ wọ́n. Àwọn ọmọdé wú níkùn, irun wọn pọ́n. Àwọn ìjọ Kristẹni ń fi bàálù kó oúnjẹ láti erékùṣù São Tomé lọ sí Uli lóru, kò tó. Àìmọye èèyàn ni ebi pa kí ogun tó parí ní ọjọ́ 15, oṣù Kìíní 1970. Wey nìkan kọ́ ló pàṣẹ ìdènà yẹn, ìgbìmọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọmọ ìgbìmọ̀ ni, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ló sì mú àṣẹ náà ṣẹ. Ẹni tí a bá yìn pé Navy rẹ̀ ló jẹ́ kí ogun tètè parí, ó yẹ kí a bá a ka iye tí ìyẹn náni.

Ẹnu òkun tó dí

Lẹ́yìn ogun, Wey di Vice Admiral, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó dé ipò yẹn. Ní 1973, ó fi ipò olórí Navy sílẹ̀ fún Nelson Soroh. Òun ni Chief of Staff, Supreme Headquarters, igbákejì Gowon nínú ìjọba ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ibí yìí ni a ti rò pé àléébù iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹwàá 1974, Gowon sọ fún ará ìlú pé àwọn ológun kò ní í lè gbé ìjọba sílẹ̀ ní 1976 bí wọ́n ṣe ṣèlérí. Ní 1975, ìjọba ti ra sìmẹ́ǹtì tó tó nǹkan bí 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù láti òkè òkun, ju ohun tí èbúté Èkó lè gbà lọ jìnnà. Ọkọ̀ tó lé ní 400 tò sójú òkun, wọ́n ń retí àyè láti já ẹrù, sìmẹ́ǹtì ń bàjẹ́ nínú wọn, ìjọba sì ń san owó ìdúró. A kò sọ pé Wey ló ra sìmẹ́ǹtì. Ohun tí à ń sọ ni pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó ṣe láyé rẹ̀ ni iṣẹ́ àwọn tó ń la ẹnu òkun Èkó kí ọkọ̀ lè wọlé. Nígbà tí ẹnu òkun kan náà dí, òun ni igbákejì olórí ìjọba. Bí ẹnì kan bá wà nínú ìgbìmọ̀ yẹn tó yẹ kó mọ̀ pé èbúté kò lè gbà á, òun ni.

Ní ọjọ́ 29, oṣù Keje 1975, nígbà tí Gowon wà ní ìpàdé ní Kampala, wọ́n gbàjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n fẹ̀yìn àwọn àgbà ọ̀gá ológun tì, Wey wà nínú wọn. Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ ló gba ipò rẹ̀. Ó pé ọdún mẹ́sàn-án géérégé sí ọjọ́ tí wọ́n mú Ironsi. Wey kú ní oṣù Kejìlá 1991. Navy fi orúkọ rẹ̀ pe ibùdó wọn kan, NNS Wey.

Ìdáhùn wa

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé kò sọ pé kí àgbà gba ọmọ náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ohun tó ní kó ṣe ni pé kó bá a tún orí ọmọ ṣe. Ní 1966 àti ní Aburi, Wey ṣe àgbà. Ó rí i pé bí òun bá du àga, ẹ̀jẹ̀ yóò tún ṣàn, ó sì fi ipò tirẹ̀ sílẹ̀ kí ilé má baà wó tán. Ọgbọ́n ni, kì í ṣe ojo.

Ṣùgbọ́n àgbà tó bá fi àga sílẹ̀ fún ọmọdé kò tíì parí iṣẹ́. Ẹnu rẹ̀ ṣì wúlò. Ní Aburi, Wey sọ òótọ́ tó korò fún Ojukwu. Ó yẹ kí irú òótọ́ bẹ́ẹ̀ dé etí Gowon náà nígbà tí ìlérí 1976 yẹ̀ àti nígbà tí sìmẹ́ǹtì dí ojú òkun. Bí Wey bá sọ ọ́ níkọ̀kọ̀, kò yí nǹkan padà, kò sì fi àga sílẹ̀ nítorí rẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, nínú ìjọ, nínú ẹbí, a máa ń rí ẹni tí ipò tọ́ sí tó yẹra fún ẹni tó kéré sí i nítorí àlàáfíà. A máa ń yìn ín, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tí ìtàn Wey fi sílẹ̀ fún wa ni èyí: lẹ́yìn tó ti yẹra tán, ta ni yóò máa sọ fún ẹni tó jókòó pé ibi tó ń tu ọkọ̀ lọ kò jìn?